Ère Ottawa: dáínósọ̀ tí wọ́n fún ní ara ènìyàn

Ère kan wà ní Ottawa, olú-ìlú Kánádà, tí ẹni tó bá rí i kì í tètè gbàgbé. Orí ẹsẹ̀ méjì ló dúró lé bí ènìyàn, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, bíi mítà 1.35. Ara rẹ̀ dà bí ti alángbá, ó ní àwọ̀ ewé. Orí rẹ̀ rí rogodo, ojú rẹ̀ méjèèjì sì tóbi bí ti òwìwí. Kò ní irun lórí, kò ní etí tó yọ síta, kò ní eyín lẹ́nu, kò sì ní ìrù nídìí. Ìka mẹ́ta-mẹ́ta ló wà ní ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì wo ikùn rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ìdodo níbẹ̀.

Ẹ fi ìdodo yẹn sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Ère yìí kì í ṣe iwin inú àlọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀dá inú fíìmù. Dale Russell, onímọ̀ nípa egungun ayé àtijọ́, ló ronú rẹ̀. Ron Séguin, oníṣẹ́ ọnà, ló fi ọwọ́ mọ ọ́n. Ní 1982 ni àwọn méjèèjì tẹ àlàyé wọn jáde, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Ottawa sì gbé ère náà kalẹ̀ fún aráyé wò. Wọ́n pe ẹ̀dá náà ní dinosauroid, ìyẹn ẹ̀dá tó jọ dáínósọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ fi dáhùn ni pé: ká ní dáínósọ̀ kò kú run ní mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, kí ni ọ̀kan nínú wọn ì bá ti dà lónìí?

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ère yìí ti wà lọ́kàn mi. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan sì ń tọ́ka sí i bí ẹni pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Èmi ò sí níbì kankan nínú méjèèjì. Ìbéèrè Russell jinlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo bá ṣẹjọ́, ẹ̀rí tí mo sì fẹ́ fi ro ẹjọ́ náà ń jẹ̀ kiri àgbàlá ilé wa.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ká mọ irú ẹni tí Russell jẹ́. Ìlú San Francisco ni wọ́n ti bí i ní 1937, ṣùgbọ́n Kánádà ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Kò bẹ̀rù láti sọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Ní 1971, nígbà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣì gbà pé díẹ̀díẹ̀ ni dáínósọ̀ ń tán lọ fúnra wọn, òun àti Wallace Tucker, onímọ̀ nípa ojú ọ̀run, kọ ọ́ pé ó lè jẹ́ ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù nítòsí ayé ló pa wọ́n. Ìràwọ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run náà ni ikú ti wá lóòótọ́. Ní 1980, Luis Alvarez àti ọmọ rẹ̀ Walter, pẹ̀lú Frank Asaro àti Helen Michel, fi hàn pé iridium, irin kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an lórí ilẹ̀ ayé, pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ nínú amọ̀ tín-ín-rín kan tó wà láàárín òkúta ní Gubbio, ní Ítálì. Òkúta ńlá kan láti òfúrufú ló gbé e wá. Nígbà tó fi máa di 1991, wọ́n ti mọ ibi tó já sí: Chicxulub, ní etí òkun Mẹ́síkò. Òkúta náà fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá, kòtò tó sì gbẹ́ sílẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 180.

Ẹni tó bá ti gbà pé ìjàm̀bá ló pa ẹranko kan, pé kì í ṣe àìlera rẹ̀, kò ní ṣàì bi ara rẹ̀ léèrè pé ká ní ìjàm̀bá yẹn kò ṣẹlẹ̀ ńkọ́. Ìjàm̀bá náà tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹlẹ̀. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ará Japan méjì, Kunio Kaiho àti Naga Oshima, ṣírò pé bíi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé ni àpáta ibẹ̀ ní irú epo àti ohun mìíràn nínú tó lè tú èéfín dúdú tó pọ̀ tó láti bo oòrùn fún àkókò pípẹ́. Ká ní ibòmíì ni òkúta yẹn já sí, ó ṣeé ṣe kí dáínósọ̀ ṣì máa rìn káàkiri. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé eré ọmọdé ni Russell ń ṣe.

Ẹranko tó fi ṣe ìpìlẹ̀ ìrònú rẹ̀ ni Stenonychosaurus. Charles Sternberg ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1932, láti ara egungun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n wú ní Alberta, ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Ó tó ọdún 37 lẹ́yìn náà, ní 1969, kí Russell tó kọ̀wé nípa egungun mìíràn tó jẹ́ ti irú ẹranko yẹn, èyí tí apá kan agbárí wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹranko náà kò tóbi: láti imú dé ìrù kò ju mítà méjì àti díẹ̀ lọ, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ẹsẹ̀ méjì ló fi ń sáré, ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ tóbi, ó sì kọjú síwájú díẹ̀ débi pé á lè mọ bí ohun tó ń lé ṣe jìnnà sí. Nígbà tí Russell wọn ihò tí ọpọlọ ti jókòó nínú agbárí yẹn, ó rí i pé kò sí dáínósọ̀ mìíràn tí wọ́n mọ̀ nígbà náà tí ọpọlọ rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a bá fi wé ara rẹ̀.

Harry Jerison, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìwọ̀n tó mú irú ìfiwéra yìí ṣeé ṣe kalẹ̀. Kì í ṣe ká kàn gbé ọpọlọ sórí òṣùwọ̀n lásán, nítorí ọpọlọ erin tóbi ju ti ènìyàn lọ. Ohun tí à ń wò ni bóyá ọpọlọ ẹranko kan pọ̀ ju bó ṣe yẹ kó rí lọ fún ẹranko tó ní irú ìwọ̀n ara bẹ́ẹ̀, tàbí ó kéré sí i. Lórí ìwọ̀n yìí, Stenonychosaurus fi àwọn dáínósọ̀ tó kù sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, ó dé ibi tí àwọn ẹyẹ kan wà lónìí. Russell sì ti ṣàkíyèsí pé bí ayé ṣe ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ àwọn tó gbọ́n jù nínú ẹranko ń pọ̀ sí i. Ó wá fa ìlà yẹn síwájú: bí ẹranko yìí bá ti ń bá a lọ báyìí fún mílíọ̀nù 66 ọdún, ọpọlọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ á tó mìlílítà 1,100, ìyẹn lítà kan ó lé díẹ̀. Kò jìnnà sí tiwa.

Ibi tí òwú ìrònú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ wò ó bó ṣe tú, nítorí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gún régé lójú. Ọpọlọ tó tóbi ń fẹ́ orí tó tóbi. Orí tó tóbi wúwo, kò ṣeé gbé sí ìpẹ̀kun ọrùn gígùn tó na síwájú, nítorí náà ọrùn gbọ́dọ̀ kúrú, orí á sì bọ́ sókè ara. Bí orí bá ti wà lókè, ara fúnra rẹ̀ á nà ró ṣánṣán. Ara tó nà ró kò nílò ìrù tí yóò máa fà á sẹ́yìn kó má ṣubú, ìrù á wá kúrú títí á fi lọ. Ọmọ tó ní orí ńlá kò lè ti inú ẹyin jáde, inú ìyá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti dàgbà. Ìdí ìdodo nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá náà kò ní ọmú, nítorí ìran rẹ̀ kì í ṣe ìran afọ́mọlọ́mú. Ńṣe ló máa ń pọ oúnjẹ sọ́mọ lẹ́nu bí ẹyẹlé. Ohùn rẹ̀ náà á dà bí orin ẹyẹ.

Mo fẹ́ràn apá tó kẹ́yìn yẹn gan-an. Ó fi hàn pé Russell rántí ibi tí ẹranko rẹ̀ ti wá, pé kò kàn gbé awọ alángbá wọ ọmọ ènìyàn lásán. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo gbogbo ìgbésẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, ọ̀nà tó já sílé wa ló ń yà sí. Gregory Paul, tó ń ṣèwádìí dáínósọ̀ tó sì ń yàwòrán wọn, sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀dá náà jọ ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Thomas Holtz àti Darren Naish, àwọn onímọ̀ dáínósọ̀, náà ti bá a wí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lódì kejì, Simon Conway Morris, onímọ̀ ní Cambridge, dúró ti ìrònú Russell: lójú tirẹ̀, bí ìwàláàyè bá ń wá ojútùú sí ìṣòro kan náà, ojútùú tó jọra ló máa ń rí, bí yanyan àti ẹja dọ́fínì ṣe jọra nínú omi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìran wọn jìnnà síra. Stephen Jay Gould, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ayé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, kò gba irú rẹ̀ rárá. Ó ní bí a bá dá ìtàn ayé padà sí ìbẹ̀rẹ̀ tí a jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀, ohun mìíràn ló máa jáde.

N kò fẹ́ dá ẹjọ́ àwọn àgbà méjèèjì yẹn níbí. Ara ẹranko náà gan-an ni mo fẹ́ lò.

Ẹ mú adìyẹ kan. Ẹ wo bó ṣe dúró: ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, àyà níwájú, ìdí lẹ́yìn, ẹsẹ̀ láàárín. Oríkèé tí ẹ̀ ń pè ní orúnkún rẹ̀, tó ń tẹ̀ sẹ́yìn yẹn, kì í ṣe orúnkún. Ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún tòótọ́ fara pamọ́ sókè lábẹ́ ìyẹ́, ẹ ó rí i nígbà tí ẹ bá ń gé itan nínú ọbẹ̀. Báyìí ni àwọn dáínósọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ṣe ń dúró, àfi pé ìrù ńlá ló ń bá orí àti àyà wọn wọ̀n dọ́gba. Ìdí wọn dà bí àárín òṣùwọ̀n. Àwọn ẹyẹ pàdánù ìrù gígùn yẹn ní tòótọ́, gẹ́gẹ́ bí Russell ṣe rò pé ẹ̀dá rẹ̀ á ṣe. Ǹjẹ́ wọ́n wá nà ró? Rárá. Ńṣe ni itan wọn fà síwájú, tí ẹsẹ̀ fi bọ́ sábẹ́ àyà. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Chile dán an wò lọ́nà tó wù mí púpọ̀: wọ́n so ìrù onígi mọ́ àwọn òròmọdìyẹ nídìí, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Àwọn adìyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi itan rìn bí dáínósọ̀ àtijọ́.

Orí ńlá náà kò sọ pé dandan ni kí ara nà ró. Àkàlà ní àgógó ẹnu tó wúwo, ó sì ń fi ọrùn gbé e kiri pápá láìdúró bí ènìyàn. Ẹyẹ penguin dúró ṣánṣán lóòótọ́, ìwẹ̀ nínú omi ló sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ọpọlọ kọ́. Ìdí tí àwa fi nà ró ni pé àwọn baba ńlá wa ti ń gun igi, wọ́n ti ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka pẹ̀lú ara òró kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Stenonychosaurus kò ní irú ìtàn yẹn. Bí ọpọlọ rẹ̀ bá pọ̀ dé ibi tó wù kó dé, orí ara tó ti wà nílẹ̀ ni yóò kọ́ ọ lé.

Ó wá kan ìdodo.

Irú ẹyẹ tó wà láyé lónìí lé ní 10,000. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó ń bímọ lóòyẹ̀. Ọ̀nì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìjàpá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ejò àti aláǹgbá ti dá a ṣe ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìtàn wọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé paramọ́lẹ̀ kì í yé ẹyin síta, ọmọ ààyè ló ń bí. Ṣùgbọ́n ìdílé tí dáínósọ̀ wà, ẹyin ni wọ́n dì mú títí dòní. A sì mọ bí àwọn ìbátan Stenonychosaurus ṣe ń yé tiwọn. Ní Montana ní Amẹ́ríkà, níbi tí Jack Horner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, wọ́n rí ìtẹ́ tó ti di òkúta. David Varricchio àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn ní 1997 pé méjì-méjì ni ẹranko náà ń yé ẹyin, pé ó sì ń sàba lé wọn. Ìwádìí mìíràn ní 2008 tọ́ka sí i pé ó jọ pé àwọn bàbá ló ń sàba.

Kí ni Russell rò pé ẹyin kò lè ṣe? Ó rò pé ẹyin kò lè gba ọmọ olórí ńlá. Ibí yìí ni mo rò pé àṣìṣe rẹ̀ tó tóbi jù wà, ó sì jẹ́ àṣìṣe tí ọmọdé tó ti rí ìtẹ́ ẹyẹ rí lè bá a tún ṣe. Òròmọdìyẹ tó bá jáde láàárọ̀ a máa rìn, a máa ṣa oúnjẹ, kí ọjọ́ tó rọ̀. Ọmọ ayékòótọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jáde ní ìhòòhò, ojú rẹ̀ dì, kò lè gbé orí. Inú ìtẹ́ ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàgbà, bí ìyá àti bàbá ṣe ń pọ oúnjẹ sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ kannakánná. Àwọn ẹyẹ tí orí wọn pé jù lọ ni wọ́n bí ní aláìlágbára jù lọ. Wọ́n ti yanjú ìṣòro orí ńlá láìfi ẹyin sílẹ̀: wọ́n gbé ìdàgbàsókè ọpọlọ kúrò nínú ẹyin, wọ́n gbé e sínú ìtẹ́.

Ìdodo dáínósọ̀ sì wà lóòótọ́ o. Ní 2022, àwọn onímọ̀ fi iná lésà yẹ awọ Psittacosaurus kan wò, èyí tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Frankfurt ní Jámánì, wọ́n sì rí àpá gígùn kan ní ikùn rẹ̀. Àpá ibi tí pupa ẹyin ti wọ inú ọmọ ni. Ẹni tó bá ń sin adìyẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: òròmọdìyẹ tí ìdodo rẹ̀ kò bá dì, tí àrùn sì gba ibẹ̀ wọlé, kì í pẹ́ kú. Ogójì ọdún lẹ́yìn tí Séguin fi ìdodo sí ère rẹ̀, ìdodo tòótọ́ jáde, àmọ́ ìdodo ẹyin ni, kì í ṣe ti ìwọ́. Orúkọ ẹranko tó ni ín sì túmọ̀ sí aláǹgbá ayékòótọ́, nítorí bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe baba ńlá ayékòótọ́.

N kò ní bá Russell jà nípa awọ ìhòòhò tó fún ère rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ ní 1982. Ní 1996 ni Sinosauropteryx jáde ní Liaoning ní Ṣáínà pẹ̀lú ìyẹ́ bí òwú lára, lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Mei long, ìbátan kékeré Stenonychosaurus tí Xu Xing àti Mark Norell ṣàpèjúwe ní 2004. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí dírágónì tó sùn fọnfọn. Bí wọ́n ṣe wú u jáde, ńṣe ló ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara, tó yí orí sẹ́yìn, tó sì tì í sábẹ́ apá, gẹ́lẹ́ bí àdàbà ṣe ń sùn. Ikú bá a lójú oorun ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 125 ọdún sẹ́yìn, kò sì tíì jí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọpọlọ fúnra rẹ̀, ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó di dandan kó tó lítà kan? Ní 2016, Seweryn Olkowicz, Suzana Herculano-Houzel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka iye ẹyọ iṣan ìrònú tó wà nínú ọpọlọ ẹyẹ. Wọ́n rí i pé nínú ọpọlọ ayékòótọ́ àti ti àwọn ẹyẹ olórin, àwọn ẹyọ náà kéré, wọ́n sì há gádígádí mọ́ra, débi pé nínú ọpọlọ tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba, ti ẹyẹ pọ̀ tó bí ìlọ́po méjì ti ọ̀bọ. (Ní 2023 Herculano-Houzel fẹ́ fi irú ìṣirò yìí sọ pé Tyrannosaurus, dáínósọ̀ ajẹran ńlá, gbọ́n bí ìnàkí, ní 2024 Kai Caspar àti àwọn mìíràn ta kò ó, mo sì rò pé wọ́n jàre.) Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹranko ìdílé yìí kò nílò orí rogodo tí Séguin mọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òwú náà ni kò ti sí ohun tó ń fà á.

Àpẹẹrẹ tó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti rí. Betty, kannakánná láti New Caledonia tí wọ́n ń tọ́ ní Oxford, tẹ wáyà tó nà tọ́ọ́rọ́ di ìkọ́ ní 2002, ó sì fi fa garawa kékeré tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀ jáde. Alex ńkọ́? Alex ni odídẹrẹ́ tí Irene Pepperberg bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1977, títí ó fi kú ní 2007 lẹ́ni ọdún 31. Ó mọ orúkọ nǹkan bí àádọ́ta ohun, ó mọ àwọ̀ méje, ó lè ka nǹkan dé mẹ́fà. Bí wọ́n bá gbé ohun méjì síwájú rẹ̀ tí wọ́n bi í léèrè pé kí ló yàtọ̀ nínú wọn, á sọ bóyá àwọ̀ ni tàbí bí wọ́n ṣe rí. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, á sọ pé kò sí. Ọpọlọ tó fi ń ṣe gbogbo èyí kò ju àwùsá kan lọ.

Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Nígbà tí òkúta já ní Mẹ́síkò, ẹ̀ka kan nínú ìdílé dáínósọ̀ yè é, àwọn ẹyẹ sì ni ẹ̀ka yẹn. Kì í ṣe àfiwé ni mo ń ṣe. Bí àwọn onímọ̀ ṣe to ìran wọn nìyẹn, ìdílé kan náà ni Stenonychosaurus àti adìyẹ, wọ́n súnmọ́ra ju bí Stenonychosaurus àti Tyrannosaurus ṣe súnmọ́ra lọ. Àwọn baba wa kò mọ èyí, síbẹ̀ ẹyẹ yìí ni wọ́n sọ ní Ayékòótọ́ nítorí ohùn rẹ̀, ìyẹ́ pupa ìrù rẹ̀, ìkóódẹ, ni wọ́n sì ń fi sí iwájú orí ìyàwó òrìṣà. Àwọn ọmọ wa gbé e lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì, tí wọ́n ṣì ń pè é ní ekodidé títí dòní. Wọ́n ti pa ẹyẹ náà nípakúpa fún títà débi pé ní 2016 àwọn orílẹ̀-èdè pinnu láti fòfin de òwò rẹ̀ lágbàáyé. Ó dùn mí. A ń ya ère ẹ̀dá tí kò sí rí láti mọ bí dáínósọ̀ ọlọ́gbọ́n ṣe lè rí, a sì ń fi àwọ̀n kó èyí tó wà lórí igi tà.

Bí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tí mo rò pé ọmọ-ọmọ Stenonychosaurus ì bá ti dà, èyí ni tèmi, mo sì mọ̀ pé èrò ni. Ara rẹ̀ á wà ní pẹrẹsẹ, á ga tó ewúrẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹ́ á bò ó láti ọrùn dé ìdí ẹsẹ̀. Ìrù á ṣì wà lẹ́yìn. Òtútù kò ní lé e lọ: nínú ilẹ̀ àríwá Alaska, níbi tí oòrùn kì í là fún ìgbà pípẹ́ nígbà òtútù, eyín ìbátan rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú eyín àwọn dáínósọ̀ ajẹran, wọ́n sì tóbi ju ti gúúsù lọ. Nítorí náà, nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bo Antarctica ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 ọdún sẹ́yìn, n kò rò pé yóò kú. Ẹnu rẹ̀ ni yóò jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wo ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ, bó ṣe ń fi ẹnu ta kókó, tó ń hun koríko títí tí ìtẹ́ á fi so rọ̀. Ìka mẹ́wàá ni èmi ní, n kò lè hun irú rẹ̀. Àwọn bàbá á máa sàba. Ọmọ á pẹ́ nínú ìtẹ́, á máa kọ́ ohùn lẹ́nu òbí. Àwọn afọ́mọlọ́mú á wà nítòsí, ní ìkọ̀kọ̀ àti ní òru, wọn ò ní tóbi púpọ̀. Nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dáínósọ̀ gbé, èyí tó tóbi jù tí a mọ̀, Repenomamus, kò ju ajá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bá egungun ọmọ dáínósọ̀ nínú ikùn ọ̀kan nínú wọn. Ní ti àwa, a ò ní sí.

Orúkọ ẹranko Russell ti lọ, ó ti bọ̀. Ní 1987 Phil Currie, onímọ̀ dáínósọ̀ ní Kánádà, dà á pọ̀ mọ́ Troodon, ẹranko tí Joseph Leidy sọ lórúkọ láti ara eyín kan ṣoṣo ní 1856. Ní 2017 àwọn onímọ̀, Currie náà wà lára wọn, dá orúkọ Stenonychosaurus padà. Russell kú ní 2019. Ère rẹ̀ ṣì wà, inú mi sì dùn pé ó wà, nítorí ó kọ ìdí tó fi ṣe ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kedere, ìyẹn ló jẹ́ ká lè tọ́ka sí ibi tó ti yà kúrò lọ́nà.

Ère kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu kàn. Iṣẹ́ kan náà ni, ọwọ́ Séguin kan náà ló mọ ọ́n: Stenonychosaurus fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe rò pé ó rí nígbà ayé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú, ìrù rẹ̀ nà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ là kedere. Bí mo bá wo àwòrán àwọn méjèèjì pọ̀, ojú mi máa ń kúrò lára èyí tó nà ró. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo máa ń wò. Bí adìyẹ tó fẹ́ ṣa àgbàdo nílẹ̀ ló ṣe rí.